Orúkọ Tí Olè Ò Gbọ́

Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Pámúgíróòfù,
aago méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta,
ọwọ́ kan gba ẹ̀yìn yọ,
ó já fóònù gbà létí mi bí ẹni ń já ewé.
Mo ṣì ń sọ pé "hẹ́lòó, hẹ́lòó"
sí àtẹ́lẹwọ́ mi lásán.

Àwọn èèyàn ní "pẹ̀lẹ́", wọ́n ní "ẹ kú ewu".
Ọkùnrin kan ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe etí ló já.
Mo dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: fóònù náà ò ní àgádágodo.
Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú,
tàdáwà ti jẹ ìlà ìka mi tán;
mo tẹ̀ka, mo tún tẹ̀ka, fóònù ní òun ò mọ̀ mí.
Ni mo bá tú ilẹ̀kùn sílẹ̀ pátápátá,
bí onílé tí kọ́kọ́rọ́ ń dà láàmú
tó wá ta aṣọ dí ẹnu ọ̀nà.
Àṣé àlejò kan ń bọ̀ tí kò ní ké àgò.

Bọ̀lárìnwá tó ń ta káàdì ìpè lábẹ́ afárá
yá mi ní fóònù tirẹ̀, èyí tí rọ́bà dì lẹ́yìn.
"Báńkì ná," ló wí, "ẹkún lè dúró."
Mo pe báńkì. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn,
orin, orin, kí ọmọbìnrin kan tó ní
kí n sọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó relé ọkọ.
Mo pariwo rẹ̀ láàárín èrò,
orúkọ tí mi ò pè sókè láti ọjọ́ ìsìnkú.
Ó ti àkáǹtì mi pa.
Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà: wọ́n dí i.
Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àjọ wa, èèyàn mẹ́tàdínlógún
tí owó wọn ń gba ọwọ́ mi kọjá:
"Bí mo bá tọrọ kọ́bọ̀ lónìí, èmi kọ́."

Ṣùgbọ́n olè ti ṣáájú mi dé Ẹ̀pẹ́.
Ó ti kọ̀wé sí Àǹtí Mosebọ́látán:
"Mo wà lọ́sibítù, ẹ fi ogójì ẹgbẹ̀rún ránṣẹ́ kíá."
Àǹtí wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ò kúnlẹ̀,
kò béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n.
Wọ́n bi í ní ohun kan péré:
"Kí ni oríkì rẹ?"
Olè dákẹ́ bí ẹni tí dátà tán mọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi.
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Oríkì ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó wà nínú ohùn ìyá mi, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì,
tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan
láti ráhùn pé gààrí tí mo rà ní yanrìn.
Oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi parí.
Ká ní olè ní sùúrù láti gbọ́ ẹjọ́ gààrí,
ilẹ̀kùn ìdílé wa ì bá ti ṣí fún un.

Lọ́jọ́ kejì, níbi iṣẹ́,
lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya kàlẹ́ńdà,
Adégòróyè, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, bá mi wá a kàn:
ó ń tàn wínní-wínní ní ọ̀nà Ìkẹjà.
Ó ní, "A ò ní lọ bá wọn jà o.
Ẹ tẹ ibí, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á parẹ́."
Mo ní, "Gbogbo rẹ̀?"
Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Ìka tí fóònù ò mọ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Mo ti ra òmíràn. Ó ní àgádágodo;
ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ gùn, ẹ má béèrè.
Láàárọ̀, kí n tó da tàdáwà sẹ́rọ,
mo máa ń pe ara mi ní orúkọ yẹn, jẹ́jẹ́,
kì í ṣe bí ẹni tó ń kira rẹ̀,
bí ẹni tó rí yanrìn nínú gààrí.